Apá Wo Ló Tọ́ Lójú Irin?

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Madrid lóṣù kẹwàá ọdún 1919, apá òsì ló ń gbà, torí pé òsì náà ni ọkọ̀ ń gbà lójú títì ìlú ọ̀hún. Ní ọdún 1924, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ títì bọ́ sí ọ̀tún. Ti abẹ́ ilẹ̀ kò kúrò ní òsì títí di òní. Kò sì sí ìjà láàárín wọn, nítorí wọn kì í pàdé.

Bí òsì àti ọ̀tún kò bá sàn jura wọn, kí ló wá sọ ẹni tó gba apá kejì di ẹlẹ́ṣẹ̀? David Lewis, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ *Convention* jáde ní 1969. Apá tí ọkọ̀ ń gbà wà lára ohun tó fi ṣàlàyé àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣe: oníkálukú ń gba apá kan torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn yòókù yóò gbà. Bí gbogbo wọn bá jọ gba òdìkejì, kò sóhun tó bàjẹ́.

Àwọn kan á ní òfin ènìyàn lásán nìyẹn, kò kan Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nàìjíríà fi òsì sílẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Awakọ̀ tó gba òsì lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà ṣe dáadáa. Bó bá tún gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Àṣẹ pé kí a má pànìyàn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbọ́dọ̀ yan apá tí àṣẹ náà yóò gbà dé ojú ọ̀nà. Thomas Aquinas, àlùfáà ọ̀rúndún kẹtàlá, ti rí i tipẹ́: irú òfin bẹ́ẹ̀ ń ti inú òfin ìṣẹ̀dá jáde bí ilé ṣe ń tọwọ́ mọlémọlé jáde. Ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé, mọlémọlé ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Aquinas sì ní òfin ènìyàn tó bá tọ́ ń de ẹ̀rí ọkàn.

Alsace, agbègbè kan ní ààlà Faransé àti Jámánì, ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún èyí. Òsì ni ọkọ̀ ojú irin Faransé ń gbà. Ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Locke, tó ti ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gba òsì wá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ojú irin ní Faransé, òun ló la ti Paris sí Rouen, tí wọ́n ṣí ní 1843. Ọ̀tún ni ti Jámánì, tó gba Alsace àti apá kan Lorraine ní 1871. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ Faransé. Àsíá yí padà, ọkọ̀ ojú irin kò kúrò ní ọ̀tún: àmì tó ń dá awakọ̀ dúró, ibi tí irin ti pínyà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti tò fún ọ̀tún. Títí di òní, nítòsí ààlà àtijọ́, afárá wà tí ojú irin kan fi ń gorí èkejì kọjá, kí ọkọ̀ tó ń ti òsì bọ̀ lè bọ́ sọ́tùn-ún láìforí sọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀ fún Faransé. Apá tí alágbára fi ogun mú wá ti di apá tí àwọn ará Alsace fi ń dáàbò bo ara wọn.