Oúnjẹ Àlejò àti Ọ̀wọ̀ Àlejò

Ǹjẹ́ ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀yà kan ti gba ẹ̀yà náà mọ́ra? Ní Ìlọrin, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi oje ewé bòmubòmu mú dì kò ṣàjèjì lẹ́nu Yorùbá. Wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń fi í sínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, ẹlòmíràn a máa yin wàrà, a sì máa bú darandaran. Yóò ní ọjà ni òun rà, òun sì ti sanwó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàrà nìkan ni owó rà. Ọgbọ́n àwọn ìyá-ńlá tí ó mú un dì kò sí lára iye tí wọ́n dá lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì kẹ́gàn ọlọ́wọ́, ṣì jẹ gbèsè ọ̀wọ̀.