Ọmọ Ogun Tí Ilé Kọ̀

Bí àgbà méjì bá jókòó pa pọ̀, kì í pẹ́ tí ọ̀kan á fi mí kanlẹ̀ pé ayé ti bàjẹ́. Ìkejì á ní àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ àgbà mọ́, pé ìfẹ́ ìlú ti tán lọ́kàn èèyàn, pé owó ti gba ipò ìwà. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ ibì kan wà tí ẹjọ́ náà ti wọ́. A máa ń rò pé ńṣe ni àwọn èèyàn bọ́ ìwà rere sílẹ̀ bí ẹni bọ́ agbádá tó ti gbó. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìwà tó ń jẹrà kì í fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò ní ìfẹ́ ìlú mọ́ ló máa ń pariwo rẹ̀ jù, ibi tí iyì sì ti tán ni ayẹyẹ iyì ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, kó yẹ ìgbé ayé ọkùnrin kan wò, Eugene Bullard, ẹni tó jà nínú ogun àgbáyé méjèèjì lábẹ́ àsíá ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1895. Adúláwọ̀ ni, ọmọ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Ní àkókò yẹn, ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ funfun lè kóra jọ lóru, kí wọ́n fa adúláwọ̀ jáde nílé rẹ̀, kí wọ́n so ó rọ̀ sórí igi, kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n pé kí ló dé. Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí Bullard fúnra rẹ̀ kọ, ó ní irú wọn wá ká baba òun mọ́lé lóru ọjọ́ kan, torí pé ó bá ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wọ̀yá ìjà. Baba yìí kan náà ló máa ń sọ fún un pé ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Faransé, tí wọ́n ti ń ka adúláwọ̀ sí èèyàn. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 12 tó fi sá kúrò nílé láti wá ilẹ̀ náà kàn.

Ayé àtijọ́ tí àwọn kan ń ṣàárò rẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ń kí àgbà, ọkùnrin ń ṣí fìlà fún obìnrin. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń lọ dúró sábẹ́ igi láti wo ẹni tí wọ́n so rọ̀. Ìkíni wọn kò ní àbùkù, aṣọ wọn mọ́, ìwà sì ti kú láàrin wọn. Torí náà, ẹni tó bá ń wá ìgbà tí ìwà ṣì pé pérépéré kò ní rí i nínú kàlẹ́ńdà. Gbogbo ìran ni ó máa ń tún ìwà ṣe fúnra rẹ̀, tàbí kó bà á jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ní 1912, Bullard fara pa mọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Jámánì kan tó ń gbéra ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ìlú Aberdeen ní Scotland ni ọkọ̀ já a sí. Ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó ṣe eré orí ìtàgé, títí ó fi dé Paris ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ogun dé ní 1914, ọmọ ọdún 18 ni. Kò sí òfin tó fipá mú un. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Faransé ń kó àwọn àjòjì sí. Ó jà ní Somme, ó jà ní Champagne. Nígbà tí òkú wọn pọ̀ débi pé wọ́n ní láti tún àwọn ẹgbẹ́ náà tò, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ 170, ó sì bá wọn lọ sí Verdun. Níbẹ̀ ni ó ti fara gbọgbẹ́ gidigidi ní oṣù kẹta ọdún 1916. Faransé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre.

Ẹlòmíràn ì bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbádùn bọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi dọ́là 2,000 bá a ta á pé adúláwọ̀ kò lè wa ọkọ̀ òfurufú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1917, Bullard gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òfurufú. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ, ó ti ń fò lórí ojú ogun Verdun, ọ̀bọ kékeré kan tó ń jẹ́ Jimmy wà nínú ẹ̀wù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ rẹ̀ pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ṣàn, pupa ni.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti wọ ogun náà nígbà yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú fún Faransé pé kí wọ́n wá bá wọn ṣiṣẹ́. Bullard lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ pé. Síbẹ̀ wọn kò gbà á, torí àwọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ké pé òun ń jà kí òmìnira lè wà láyé rí ọmọ ara rẹ̀ tó mọ ogun jà, tó mọ bí a ṣe ń fò, tó sì fẹ́ sìn ín, ó ní rárá. Kò pẹ́ sí i, òun àti ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan jọ ní gbólóhùn asọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ọkọ̀ òfurufú, wọ́n dá a padà sáàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ títí ogun fi parí.

Kí a má sọ ilẹ̀ Faransé di ọ̀run o. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, ìjọba Faransé ń wá ọmọ ogun kiri ní Dahomey, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn Yorùbá ìhà Kétu mọ̀ ọ́n lára. Àwọn kan kó ẹrù, wọ́n gba ààlà kọjá sí ìhà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, kí wọ́n má baà kó ọmọ wọn lọ. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà. Òmìnira tí ọmọkùnrin Georgia sọdá òkun lọ wá ní Paris, òun náà ni Paris ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀họ̀rí. Èyí kò sọ ìfẹ́ Bullard di òmùgọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ìlú kan lè mọ ohun tó tọ́ dáadáa, kó ṣe é fún ẹnì kan, kó sì kọ̀ láti ṣe é fún ẹlòmíràn. Bí òtítọ́ bá ti ní ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún àti ẹni tí wọn kì í ṣe é fún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nìyẹn.

Lẹ́yìn ogun, ayé gba Bullard ní Paris. Ó ń lu ìlù, ó ń bójú tó ilé ijó kan tó ń jẹ́ Le Grand Duc ní Montmartre, níbi tí akéwì Langston Hughes ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ní 1924. Ó gbé ọmọge Faransé níyàwó, ó bí ọmọbìnrin méjì. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà wà. Ó ní ilé ọtí tirẹ̀. Torí pé ó gbọ́ èdè Jámánì, ó bá ìjọba Faransé tẹ́tí sí ohun tí àwọn ará Jámánì tó ń wá mutí ń sọ. Ní 1940, nígbà tí Jámánì ya wọ Faransé, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 45. Ó tún lọ wá ọmọ ogun tí yóò bá jà. Ó rí ẹgbẹ́ 51 ní Orléans. Àdó olóró ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe. Ó gba Sípéènì kọjá sí Lisbon, ó wọ ọkọ̀ lọ sí New York. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá a lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ọdún 28, ó délé. Ilé kò mọ̀ ọ́n. Ó ru ẹrù ní èbúté, ó ta lọ́fínńdà, ó ṣe ọlọ́dẹ. Kò sí èyí tó burú nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ohun tó burú dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1949.

Lọ́jọ́ náà, olórin Paul Robeson ń kọrin ní gbangba nítòsí ìlú Peekskill, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn kan ní Kọ́múníìsì ni, pé ọ̀tá ìlú ni. Lára àwọn tó kó èrò jáde láti takò ó ni ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì àdúgbò. Òkò ń bọ́ lu ọkọ̀, wọ́n ń fa èèyàn jáde. Bullard tó wá gbọ́ orin bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn agbófinró àti èrò jọ lù ú bolẹ̀ ni. Kámẹ́rà ká a, fọ́tò náà wà títí dòní. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó lù ú tó fojú ba ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó kóra jọ lọ́jọ́ yẹn kò sọ pé àwọn ti gbé ìfẹ́ ìlú jù sílẹ̀. Orúkọ ìfẹ́ ìlú ni wọ́n fi jáde nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ti rí ogun, wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tó wà nílẹ̀ tí kóńdó ń bọ́ lù, ó ti bá Jámánì jà lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó mọ ohun tí ogun jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tó ẹni tí ajagunfẹ̀yìntì ń kí, òun ni. Wọn kò bi í. Ìfẹ́ ìlú tí kì í béèrè ẹni tí ó ń lù ti pàdánù ìlú náà, ó ku ìbínú nìkan.

Faransé ránṣẹ́ pè é ní 1954 kó wá wà lára àwọn tí yóò dáná ìrántí sí ibojì ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Paris. Ní 1959, wọ́n fi í joyè nínú Légion d'honneur. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní New York nígbà yẹn ni dídarí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní Rockefeller Center. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC wà nínú ilé náà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń wọlé bá a, wọ́n ń jáde, láìmọ ẹni tí wọ́n jọ dúró. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀, wọ́n mú un lọ síwájú kámẹ́rà ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn òǹwòran kọ lẹ́tà sí i lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò yí padà láàárín àná àti ọjọ́ náà. Tẹlifíṣọ̀n ló sọ pé ó yẹ ní kíkí, wọ́n sì kí i. Iyì tó ní láti dúró de kámẹ́rà kí ó tó mọ èèyàn, ọjà ni. Òun ló sì gbilẹ̀ láàrin wa lónìí jù bó ṣe gbilẹ̀ nígbà yẹn lọ.

Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1961. Wọ́n wọ aṣọ ogun Faransé fún un, wọ́n sin ín sí ìhà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì Faransé ní itẹ́ Flushing. Títí ó fi kú, kò sí ẹni tó tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ní 1994, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi í sí ipò Second Lieutenant, lẹ́yìn ọdún 77 tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ní 2019, ère rẹ̀ dúró ní ìpínlẹ̀ Georgia tó sá fún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í béèrè ẹ̀tọ́, ìdí nìyẹn tí bíbọlá fún un fi rọrùn ju bíbọlá fún alààyè lọ.

Àwa náà mọ àṣà yìí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní lọ́dọọdún, Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á yin ìbọn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kan náà ni a ti ń rí àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tí orí wọn ti funfun, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba ní Abuja, tí wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Òdòdó fún òkú, oòrùn fún alààyè. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìlú náà wà lára ẹni tí òwe yìí ń bá wí.

Wọ́n tún ní oore kì í gbé. A fẹ́ràn òwe yẹn, torí ó jọ ìlérí. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé Bullard fi hàn pé oore lè gbé fún ọdún tó tó ìgbésí ayé èèyàn kan. Bí kò bá gbé, èèyàn ni kò jẹ́ kó gbé: ẹnì kan rántí, ó sọ̀rọ̀, ó sanwó, ó ṣe ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Iṣẹ́ ni òwe náà gbé lé wa lọ́wọ́, àwa sọ ọ́ di ti Ọlọ́run, a ká ọwọ́ gbera.

Nítorí náà, kí àgbà tó sọ pé ọmọ ìwòyí kò nífẹ̀ẹ́ ìlú, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ìlú ti ṣe lójú ọmọ náà fún àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ àgbà tó sin ìlú títí tó fi darúgbó, tó sì wá ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì, ti kẹ́kọ̀ọ́ tí ìwàásù kankan kò lè pa rẹ́. Bí a bá fẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kó rí wa níbi tí a ti ń san gbèsè náà.