NÍTI FÍFI IPÒ SÍLẸ̀ NÍTORÍ IPÒ TÍ Ó GA JÙ Ú LỌ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń bi wá nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá wọ inú ẹ̀kọ́, tí a kò sì lè fi ẹ̀rín lé lọ. Bí ènìyàn bá wà lórí ipò tí a fi í sí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ipò mìíràn tí ó ga jù ú lọ, ṣé ó tọ́ kí ó sọ ti ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé? Àwọn kan nínú wọn a ní ọ̀dàlẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a ní olóòótọ́ ni, nítorí pé ó kọ̀ láti jẹun nínú abọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ yára dá ẹjọ́ yìí, nítorí àwa pàápàá mọ bí ó ti rí láti máa kọ́ni ní ìlú kan kí a sì máa wo ọ̀nà ìlú mìíràn.

Ní Èkìtì tiwa níhìn-ín, kò sí ìdí tí a ó fi wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kàwé ní Christ's School ní Adó, kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní Àbújá. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ ìwakùsà àti irin ti wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni àga gómìnà Èkìtì, tí ó ti jókòó lé rí láti ọdún 2010 títí di 2014. A dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbò 197,459. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ní 178,121. Ẹnìkan lè béèrè bóyá ipò gómìnà ga ju ti mínísítà lọ ní tòótọ́. Kí ẹni náà lọ dúró ní Ìjìgbò ní Adó nígbà tí ọkọ̀ gómìnà bá ń kọjá, kí ó wo bí ọ̀nà ti ń ṣí fún un, yóò rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ náà dáradára. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí ó sì fẹ́ du ipò gómìnà gbọ́dọ̀ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kéré tán, ní 30 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Bóyá mínísítà wà lára àwọn tí òfin náà ń bá wí tàbí kò sí, àwọn amòfin ni kí ó jiyàn lé e lórí. Láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 14 oṣù Keje jẹ́ ọjọ́ 45, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè nàka sí i pé ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà á kalẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Fún ọjọ́ 18, ènìyàn kan náà jẹ́ mínísítà fún gbogbo Nàìjíríà, ó sì jẹ́ olùdíje fún Èkìtì. A kò sọ pé ó hùwà àìtọ́ kan láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn; a kò ní ẹ̀rí irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì wá a. Ìbéèrè tiwa kéré ju ìyẹn lọ, ó sì le jù ú lọ: nígbà wo ni ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣé ọjọ́ tí ó fi lẹ́tà jíṣẹ́ ni, tàbí ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ jáde?

Ohun tí ó mú wa béèrè bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà èwe wa, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, tí kò jìnnà sí Adó. Kíláàsì tí ó kẹ́yìn ni a wà, ìdánwò sì ń bọ̀. Olùkọ́ wa jẹ́ ènìyàn rere, tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ owó. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìdá pẹ̀lú wa, ó gé iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́rin lórí tábìlì, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, a kò rí ẹni náà mọ́. Kì í ṣe pé kò wá. Ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń jókòó, ó ń pe orúkọ wa nínú ìwé, ó ń ní kí a da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. Ṣùgbọ́n kò gba ìwé ìṣirò wa wò mọ́. Ọmọ kan tí ó jókòó lẹ́yìn, ẹni tí gbogbo wa kà sí olórí kunkun, sọ fún wa nígbà ìsinmi pé, "Tíṣà ti lọ." A fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó tó oṣù kan kí a tó gbọ́ pé wọ́n ti fi olùkọ́ wa ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú mìíràn. Ó lọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí, ó fi àkókò tí ó yẹ sílẹ̀ kí ó tó lọ, wọ́n sì ṣe ìdágbére fún un. Kò sí òfin kan tí ó rú. Ṣùgbọ́n olórí kunkun nì ti rí òtítọ́ kan tí òfin kò rí.

Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, a ó rí i pé ìgbésẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún Oyèbánjí, ọmọ Ìkọ̀gòsì, yàtọ̀ díẹ̀. Akọ̀wé Àgbà fún Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe ìdìbò abẹ́lé ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ó sì ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìdìbò gbogboogbò ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà. Kò dúró kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ èkejì kí ó tó jù èkínní sílẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé ewu tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀ fún ẹni tí àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ ń fi ojú rere wò, àwọn kan tí ó bá a díje sì kùn gidigidi nípa ìdìbò abẹ́lé náà. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, tábìlì iṣẹ́ kan ṣófo ní Adó, ẹlòmíràn sì lè jókòó sídìí rẹ̀ tọkàntọkàn, dípò kí ẹni tí ń ro ohun mìíràn máa jókòó níbẹ̀. Níti àwa, a kà èyí sí ohun rere, ẹni yòówù tí ó ṣe é àti ohun yòówù tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Òkúta ìkọ̀sẹ̀ kan wà níhìn-ín tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Ẹni tí Fáyẹmí bá díje ní ọdún 2018 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá, ọmọ Ìkéré, tí ó jẹ́ igbákejì gómìnà nígbà náà. Òun kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó fi í sílẹ̀. Fáyẹmí fúnra rẹ̀, nígbà tí ó wà lórí àga gómìnà ní ọdún 2022, jáde láti du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní oṣù Kẹfà, kò sì fi ipò gómìnà sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Kí ló dé tí a fi ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí a yàn sípò, tí a kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a dìbò fún? A ti gbọ́ ìdáhùn kan: ẹni tí a dìbò fún búra fún ọdún mẹ́rin níwájú àwọn ènìyàn, bí ó bá sì lọ kí ó tó pé, ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìdáhùn náà lágbára, a kò sì lè tì í dànù. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ó wí kì í ṣe ti ìjókòó lásán. Iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn yá a, kì í ṣe àga. Ní Amẹ́ríkà, Bob Dole ti wà ní ilé aṣòfin àgbà láti ọdún 1969. Nígbà tí ó fẹ́ du ipò ààrẹ, ó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi ipá mú un. Ó pàdánù ìdìbò náà ní oṣù Kọkànlá, kò sì ní àga kankan láti padà sí.

Ọ̀rọ̀ kò sì tán sórí ọjọ́ tí ènìyàn jáde. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn baba wa ní Èkìtì mọ ohun tí a ń wí, nítorí abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n wà ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó gba Èkó lọ. Ipò olórí ìjọba gbogbo Nàìjíríà ni ó ń wò. Ìbò Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò tó. Abubakar Tafawa Balewa ni ó dúró sórí ipò náà, Awólọ́wọ̀ sì di olórí àwọn alátakò. Ahmadu Bello ní tirẹ̀ kò kúrò ní Kaduna. Ẹlòmíràn ni ó rán sí Èkó. Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì gba àga Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ni ó gbé Akíntọ́lá sórí àga. Ta ni yóò wá pàṣẹ? Ẹni tí ó wà lórí àga ni, tàbí ẹni tí ó kúrò lórí rẹ̀? Ìjà náà le títí ó fi di ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, tí wọ́n ń ju àga lu ara wọn ní ilé aṣòfin Ìbàdàn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29, ìjọba Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi alábòójútó kan ṣe olórí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, àti Adó, àti Ìkẹ́rẹ́, àti Ìjerò.

A kò lè sọ pé fífi ipò sílẹ̀ nìkan ni ó bí gbogbo èyí. Ohun púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn akọni méjèèjì náà débi pé wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èkejì. Ohun tí a rí kò ju èyí lọ: ó rọrùn láti kúrò lórí àga, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti yọ ọwọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa fi òwe méjì sílẹ̀ tí kò bá ara wọn mu. Wọ́n ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pa òfo. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé kí àwọn mínísítà tí ó fẹ́ du ipò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 16. Rotimi Amaechi lọ, Godswill Akpabio lọ. Àwọn mìíràn, bíi Chris Ngige àti Abubakar Malami, yí ọkàn padà, wọ́n sì dúró. Àwọn ènìyàn fi àwọn tí ó dúró ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn ṣe é, nítorí ó sàn kí ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn ju kí ó lọ fún ìtìjú lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rántí Èlíṣà, bí ó ti pa màlúù tí ó fi ń túlẹ̀, tí ó sì fi igi ohun èlò wọn se ẹran fún àwọn ènìyàn kí ó tó tẹ̀lé Èlíjà, a mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó lọ àti ẹni tí ó so màlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè ìpadàbọ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pàdé olùkọ́ wa àtijọ́ ní Ọjà Ọba ní Adó. Ó ti darúgbó, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń ra iṣu. A dọ̀bálẹ̀ kí i, a sọ orúkọ wa àti ọdún tí ó kọ́ wa. Kò béèrè iṣẹ́ tí a ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè iye ọmọ tí a bí. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ṣé ẹ padà kọ́ ìṣirò ìdá yẹn?"

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Ọ̀gá mìíràn kọ́ wa lẹ́yìn ìdánwò."

Ó wo iṣu tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti ọjọ́ náà sí mẹ́rin tán ni nígbà tí akọ̀wé mú lẹ́tà náà wọlé.