Ilé Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ṣé Kí A Wó O Ni, Tàbí Kí A Tún Un Ṣe?

Ọ̀rọ̀ ilé ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ilé wa ti òkè ọ̀run, bí kò ṣe ilé sìmẹ́ǹtì tí àwọn òbí wa fi òógùn kọ́.

Ẹni tí ó bá lọ sí Gbági àtijọ́, kí ó gbé ojú sókè díẹ̀ kúrò lára ọjà. Yóò rí àwọn pẹtẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960: ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè gígùn, búlọ́ọ̀kù oníhò lára ògiri, fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń ṣí tí à ń pa. A ti wó òmíràn nínú irú wọn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè wa ni pé, ǹjẹ́ ọmọ jẹ ilé tí òbí rẹ̀ kọ́ ní gbèsè kan?

Àwọn kan ń sọ pé ilé kò ní ọkàn, àti pé owó ilé-ìwé ọmọ ṣe pàtàkì ju ògiri àtijọ́ lọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ilé ṣe òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí kò jìnnà sí Gbági. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi owó tí kòkó mú wọlé kọ́ ọ, ó parí ní ọdún 1965, àjà rẹ̀ sì jẹ́ 26. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó o. A kò wó o. A tún un ṣe, ó sì ṣí padà ní ọdún 1992. Àwọn baba wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n iná kì í bu ẹwà sí nǹkan kan. Ọwọ́ àwọn tí ó dúró tún un kọ́ ni ẹwà ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa pàápàá. Ní ọdún 1959 ni bàbá wa fi èrè aṣọ títà kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Gbági. Lẹ́yìn tí àwọn òbí wa lọ, páànù ń jò, ògiri là. Àwọn kan nínú wa ní kí a tà á fún ẹni tí yóò wó o, kí a pín owó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, tí ó ti di opó, ni ó ń gbé yàrá méjì nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí yóò lọ. Àwa tí a ń kọ èyí náà kò bi í.

Nígbẹ̀yìn, a gbà láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n a ní ihò ara ògiri kò bá ayé òde òní mu, a sì ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí wọn. Kí ọdún tó yí po, inú ilé ti di ààrò. Opó yìí ni ó sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin ọkọ mi, afẹ́fẹ́ ni Bàbá fi àwọn ihò yẹn pè wọlé. Ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.”

Ojú tì wá. Ogbọ́n tí ó sọ yìí náà ni Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, lò nígbà tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn: kí ilé má fẹ̀ jù, kí ihò wà lápá méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá, kí òjìji wà lára ògiri. Ohun tí a pè ní àṣà àtijọ́, ìtọ́jú ènìyàn ni.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 22, nígbà tí ọba Jòsáyà ń tún tẹ́ḿpìlì ṣe ni àlùfáà Hilikáyà rí ìwé òfin nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan, wòlíì Húlídà, ni wọ́n sì lọ láti béèrè ọ̀rọ̀ Olúwa. Ẹni tí ó ń fi sùúrù tún ilé ṣe lè rí ohun tí ẹni tí ó wó o yóò fi erùpẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

A kò sọ pé kí a má wó ilé kankan. Bí ìpìlẹ̀ bá ti bàjẹ́, tí ilé sì fẹ́ wó pa ènìyàn, kí a wó o, nítorí ẹ̀mí ju ilé lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé òòlù, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan méjì: kí ni ìdí tí àgbà fi ṣe é báyìí, àti ta ni ó ń sùn níbẹ̀ lónìí? Ẹni tí kò béèrè èkejì lè fi ọwọ́ kan náà tún ògiri ṣe, kí ó sì wó ènìyàn.

A ti la àwọn ihò náà padà. Ó ná wa lówó lẹ́ẹ̀mejì, inú àbúrò wa kan kò sì tíì dùn sí wa nítorí owó tí ì bá kàn án. Ṣùgbọ́n opó náà ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Gbèsè tí a jẹ Bàbá, òun ni a san án fún.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí ó yẹ kí a pa mọ́. Àmín.