Ìbọn Kékeré Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Bí èèyàn bá gun kẹ̀kẹ́ jáde láti lọ gbatẹ́gùn, ṣé ó tọ́ kó mú ohun tó lè pa èèyàn dání? Mi ò sọ ti ọdẹ o. Ọdẹ mọ ohun tó ń wá lọ sínú igbó. Mi ò sì sọ ti ọlọ́pàá. Ẹni tó ń gbafẹ́ ni mò ń sọ, ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó de akoto, tó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú igbó tàbí lẹ́bàá odò.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ní Amẹ́ríkà. Láti 2010 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti gbà kí èèyàn gbé ìbọn wọ àwọn igbó tí ìjọba dá sí fún ìgbafẹ́, bí òfin ìpínlẹ̀ ibẹ̀ bá ti gbà á. Ní June 23, 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún sọ nínú ẹjọ́ Bruen pé aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde nílé kó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé àṣà tuntun ni. Ní 1894, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Charles-François Galand ṣe ìbọn kékeré kan fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Velo-Dog lorúkọ rẹ̀. Ajá ló fà á. Ajá ìgbà náà a máa lé kẹ̀kẹ́, a sì máa gé ẹni tó gùn ún jẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ṣe ọta tó jẹ́ pé ata ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, kí ajá lè sá láìkú. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹni tó rọ ata sínú ọta ti ro ohun tí èmi náà ń rò: báwo ni mo ṣe lè gba ara mi sílẹ̀ láìgba ẹ̀mí?

Ìdí tí mo fi ń rò ó ni pé ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé ní Texas. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, alẹ́ ló sì ń padà wálé. Ó pè mí, ó ní òun fẹ́ ra ìbọn kékeré. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní kò sí nǹkan, òun kàn ń múra sílẹ̀ ni. Ó ní láti September 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò sì kà á léèwọ̀ fún lè gbé e níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yàn án.

Ó ní ìbọn ńlá rọrùn láti yìn kó ba ibi téèyàn fojú sùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lára ẹni tó ń gun òkè. Èyí tó kéré fúyẹ́, ó ṣeé fi pamọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́, kì í sì í rọrùn láti fi ba nǹkan. Ó dárúkọ SIG P365 tó jáde ní 2018, tó kéré tó sì gba ọta mẹ́wàá, àti àwọn kan tó ń yí bírí, tí ò gbà ju ọta márùn-ún lọ. Ibo ni kó fi sí? Bó bá wà nínú báàgì iwájú kẹ̀kẹ́, ẹni tó jí kẹ̀kẹ́ ti jí ìbọn nìyẹn. Bó bá wà ní ìbàdí lẹ́yìn, tí kẹ̀kẹ́ bá dà á nù, irin ni yóò gún un léegun ẹ̀yìn. Bó bá wà nínú àpò ṣòkòtò láìní àpò tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lè kọ́ ibi tí ìka ń fà. Òógùn tún ń mú un dípẹtà.

Bó ṣe ń sọ ọ́, mo kíyè sí nǹkan kan. Ó pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ ọjà, bí ìgbà téèyàn ń yan bàtà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọ̀tá ló kàn: olè tó jí kẹ̀kẹ́, ọmọdé tó tú báàgì wò, òun fúnra rẹ̀ tó ṣubú. Kí ọ̀tá tó dé rárá, ìbọn náà ti ní ẹni tó lè pa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá yìn ín.

Ká má ṣojúsàájú ṣá o. Ewu wà lóòótọ́. Ní May 2018, ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹranko kan bí ẹkùn tí wọ́n ń pè ní cougar kọlu àwọn méjì tó gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn ṣe: wọ́n dúró, wọ́n pariwo, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ lù ú. Ó lọ, ó tún padà wá, ó sì pa ọ̀kan nínú wọn. Ní February 2024, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, òmíràn gbá obìnrin kan lẹ́rẹ̀kẹ́ mú lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ jáde ò sá. Òkúta ni wọ́n fi lù ú, wọ́n fi igi lù ú, títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n wá fi kẹ̀kẹ́ tẹ ẹranko náà mọ́lẹ̀, títí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹranko igbó fi dé. Kí ni òṣìṣẹ́ náà fi parí rẹ̀? Ìbọn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìbọn ò wúlò ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun tó wúlò yàtọ̀ sí ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ nawọ́ sí. Tom Smith, Stephen Herrero àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní 2008 lórí ata inú agolo tí wọ́n ń fín sí béárì lójú ní Alaska. Nínú àwọn ìgbà tí wọ́n fi lé àwọn béárì ńlá aláwọ̀ ilẹ̀, ó dá wọn dúró ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Ata lẹ́ẹ̀kan sí i! Bí ata bá ṣìnà, ojú á ta olúwa rẹ̀, á sunkún, á lọ sílé. Bí ọta bá ṣìnà ńkọ́?

Béárì kọ́ lẹ̀rù ń ba Bọ̀dá mi, èèyàn ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Ní July 2016, ọlọ́pàá dá Philando Castile dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Minnesota. Ó ní ìwé àṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá pé òun ní ìbọn lọ́wọ́, kí ẹ̀rù má bàa bà á. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á. Ní February 2020, Ahmaud Arbery ń sáré lójú títì ní Georgia. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi ọkọ̀ lé e, méjì nínú wọn mú ìbọn dání, wọ́n ní àwọn rò pé olè ni. Wọ́n pa á, wọ́n sì wí ní kóòtù pé ṣe ni ẹni tó yìnbọn ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ò gbà, ó dá wọn lẹ́bi ìpànìyàn ní 2021. Ọ̀kan gbé ìbọn lọ́nà òfin, ó kú. Èkejì ò mú nǹkan kan lọ́wọ́, ó kú. Bọ̀dá mi dúdú bíi tiwọn. Ìbọn tó fẹ́ rà kí ẹ̀rù má bàa bà á, ó lè dẹ́rù ba ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ yá ju tiẹ̀ lọ.

Ẹ rántí Ògún ní Ìrè. Ọjọ́ tó wọ̀lú, ọjọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ni. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, agbè ẹmu ṣófo, kò sẹ́ni tó kí i. Ó yọ idà. Àwọn tó pa, ará ilé rẹ̀ ni wọ́n. Idà kọ́ ni Ògún ò ní lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ò bi wọ́n: "Kí ló dé tí ẹ fi dákẹ́?" Àwọn tó lé Arbery náà ò béèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì. Ohun ìjà a máa sọ ìbéèrè di ohun tó pẹ́ jù lójú ẹni tó mú un dání.

Mo sọ èyí fún Bọ̀dá. Ó ní, "Àbúrò, ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Ìwọ kọ́ lò ń gba abẹ́ afárá yẹn kọjá láago mọ́kànlá alẹ́." Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní èsì tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Èmi tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò lè pàṣẹ ìgboyà fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bò ó.

Nítorí náà, mi ò ní pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé ìbọn ní gbèsè, ẹni tó rà á ló sì ń san án lójoojúmọ́. Kó kọ́ ọ dáadáa, kó máa fi í pamọ́ fọ́mọdé. Kó kọ́kọ́ wá ọ̀nà míì, kó fi ata sítòsí, kó gba títì tí iná wà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe ìbọn. Èyí tó sì wọ́n jù: ẹni tó gbé ìbọn sára ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú mọ́. Bí dẹ́rẹ́bà bá ta omi ẹrẹ̀ sí i lára, kò gbọdọ̀ bú u padà. Bí wọ́n bá bú ìyá rẹ̀, kó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹlòmíì lè jà kó sì parí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ́ méjì. Òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ikú wà ní ìbàdí rẹ̀.

Ẹni tó bá lè san gbèsè yìí, kó rà á bí òfin bá gbà á láyè. Ẹni tó mọ̀ pé inú òun máa ń yára bí òun, ẹ gbà á nímọ̀ràn kó fi owó náà ra iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀.