Ẹ̀wù Tí Kò Gbà Á

Ẹ ka 1 Samuẹli 16:1–13.

Wòlíì Samuẹli kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ Ọlọ́run nígbà tí ó wọ ilé Jésè. Síbẹ̀ ojú tàn án jẹ. Bí ó ti rí ìdúró Élíábù báyìí, ó ti rò pé òróró yá. Olúwa ni ó dá a lẹ́kun. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá lè ṣìnà, èmi àti ẹ̀yin ńkọ́?

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Nínú ìjọ kan tí mo ti sìn rí ní Ìwó yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà láàrin àwọn akọrin, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì sanra. A rán ẹ̀wù tuntun ní ìwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn. Kò gba òun nìkan. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ó dín oúnjẹ kù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ìsinmi kejì, àyè rẹ̀ ṣófo.

Láyé àwọn ìyá wa, ìkíni ayọ̀ ni “O mà sanra o!” jẹ́, ẹni tí ó rù ni à ń bi léèrè àìsàn. Ìró àti bùbá kò mọ tẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ńlá. Aṣọ àránsílẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà lọ́rùn ni ó kọ́ wa láti máa wí pé ara ni kò bá aṣọ mu. Nísinsìnyí, bí obìnrin bá gbé àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí sórí Facebook tàbí Instagram, ẹni tí kò rí i rí yóò pè é ní oróbó. Bí ó bá sì rù, wọn a ní àrùn ń ṣe é. Ilé Odídẹrẹ́ ni a ń ki ìlú wa. Ẹyẹ náà kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń sọ. Àwa mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ti dìde sí ọ̀ràn yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ kan ti ń gbèjà àwọn tí ó sanra. Nílẹ̀ wa, akọ̀ròyìn Latasha Ngwube dá About That Curvy Life sílẹ̀, kí ọdún 2018 tó dé, ó ti mú àwọn obìnrin tí ó tóbi wá síbi ìfihàn aṣọ ńlá ní Èkó. Àwọn ará kan ní asán ni, pé wọ́n ń bo wọ̀bìà mọ́lẹ̀. Èmi kò gbà. (Mo mọ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta.)

Òtítọ́ ni pé ewu ń bẹ nínú àsanjù: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́jọ ní ayé ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a pa èyí mọ́ kò fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n dókítà a máa ti ìlẹ̀kùn kí ó tó sọ̀rọ̀, a sì máa fúnni ní oògùn. Kí ni ẹlẹ́yà ń fúnni? Tẹ́ḿpìlì ni Pọ́ọ̀lù pe ara yìí, 1 Kọ́ríńtì 6. A kì í sọ òkò lu tẹ́ḿpìlì nítorí pé ó gbòòrò.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni mo tó lọ bẹ̀ ẹ́ ní ilé ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Bàbá, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n wọn ara mi kí wọ́n tó gé aṣọ.” Ní ọjọ́ Sátidé, aránṣọ wá. Ọ̀pá kan àti ààbọ̀ ni a fi kún un.