Àlejò Òru, Àlejò Òwúrọ̀

Òdòdó tó bá là lóru, tó funfun báláú, tó sì ń ta òórùn èso tó ti pọ́n kọjá ààlà, àdán ló ń dúró dè. Kò sí awuyewuye níbẹ̀. Ohun tí kò yéé jẹ́ kí n ronú ni ìdí tí òdòdó saguaro, lẹ́yìn tó ti là lálẹ́ fún àdán, kì í fi í pa dé bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó di ọ̀sán kí ó tó pa dé. Ta ló tún ń retí?

Aṣálẹ̀ Sonora ni igi tí ń jẹ́ saguaro wà, ní gúúsù Arizona àti ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò. Ẹni tó bá rí i látòkèèrè lè pè é ní orọ́, àfi pé ó lè ga tó mítà 12, kó sì lo ọdún 150 láyé. Láti ìparí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà ni òdòdó ń yọ sí orí rẹ̀ àti sí ṣóńṣó àwọn apá rẹ̀. Òru kan àti òwúrọ̀ kan ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ní. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó (pollen) ti ara rẹ̀ kò sì wúlò fún un. Ti igi mìíràn ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kó tó so. Igi tí kò lè rìn, tí ẹnì kejì rẹ̀ wà ní òdì kejì òkè, tí wákàtí díẹ̀ péré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀: bí kò bá rí alárinà, ó parí.

Alárinà àkọ́kọ́ ni àdán tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Leptonycteris yerbabuenae. Mẹ́síkò nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń lo ìgbà òtútù. Bó bá di ìgbà tí òdòdó ń yọ, àwọn abo tó lóyún á máa tẹ̀ lé òdòdó lọ sí àríwá, ìrìn tó lè ju 1,000 kìlómítà lọ, títí wọn yóò fi dé ihò àpáta tí wọ́n ti ń bímọ, bí èyí tó wà ní Pinacate nínú aṣálẹ̀ náà. Mo fẹ́ràn bí ó ṣe ń jẹun. Á dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, á ki orí bọ òdòdó títí dé èjìká, á na ahọ́n gígùn tí irun wẹ́wẹ́ wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ká tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Gbogbo ojú àti àyà rẹ̀ á ti kún fún lẹ́búlẹ́bú. Bó bá padà so rọ̀ síbi tó ti ń sinmi, á lá ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣúgà ló wà nínú omi òdòdó. Inú lẹ́búlẹ́bú yẹn ni èròjà tí ń mú ara dàgbà wà, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò sì lè ṣe aláìní in.

Wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ní Sonora, ẹyẹ ló ń tẹ̀lé ìṣe àdán. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àdàbà tí funfun wà létí apá rẹ̀ á bà lé òdòdó kan náà, á ki àgógó bọ ohun tó ṣẹ́ kù, á sì gbé lẹ́búlẹ́bú lọ sórí igi mìíràn. Oyin náà á dé. Ní 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Alcorn, McGregor àti Olin, kọ ọ́ síwèé pé àwọn fi àwọ̀n ká saguaro mọ́, wọ́n fi àdán síbì kan, àdàbà síbì kan, oyin síbì kan. Igi so lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà kan ò wọjà, igi yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àfonífojì Tehuacán ní Mẹ́síkò, lápá gúúsù, níbi tí àdán kì í ti í wọ́n, àwọn ìbátan rẹ̀ wà tí àdán nìkan ni wọ́n gbójú lé. Àmọ́ Sonora jẹ́ ìpẹ̀kun ibi tí àdán ń dé. Onímọ̀ kan, Ted Fleming, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ní Bahía de Kino ní Sonora, rí i pé iye àdán tó ń wá kò dọ́gba lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò gbà mí láyè láti sọ pé igi ń gbèrò. Kí n kúkú sọ pé àwọn tí òdòdó wọn tètè ń pa dé kò fi ọmọ púpọ̀ sáyé.

Síbẹ̀ n kò lè gbé àwọn àlejò méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí èso bá pọ́n, àdàbà á jẹ ẹ́, iwe rẹ̀ á sì lọ kóró inú rẹ̀ kúnná. Àdán á gbé kóró mì, á sì yà á kalẹ̀ láàyè. Àdàbà ni wọ́n ń yà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì o! Àdán ni wọ́n ń bú pé kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Nílé wa náà, àdán wà lára àwọn tó ń mú kí òdòdó pupa rogodo tí ń so rọ̀ lára igi irú di èso, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń rántí rẹ̀ nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà kọ àdán Leptonycteris yìí mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ run. Èyí tí wọ́n mọ̀ nígbà náà kò tó 1,000. Ní 2018 wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó ti tó nǹkan bí 200,000. Saguaro sì lè tó ẹni ọdún 35 kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́. Èyí tó hù ní 1988 kò tíì ní òdòdó kan ṣoṣo nígbà tí 2018 dé. Òfin tí wọ́n ṣe, àdán tí wọ́n ń kà lẹ́nu ihò lálaalẹ́, ẹ̀rù pé àdán lè run, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, igi náà kò tíì bàlágà. Bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé níbi tó wà, àsìkò tí a wà yìí ló yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀.